Ẹ̀kọ Mímu ní Ajégúnlẹ̀: Ohun Tí A Fi Mu Ún Ló Sọ Ọ́ Di Oúnjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ mímu rí ní Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tó fara ti Àpápá ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun kan náà ló ń hó nínú ìkòkò láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń sè é yàtọ̀ láti yàrá dé yàrá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté ńlá Àpápá. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń wá iṣẹ́ ti ń rọ́ wá láti ibi gbogbo, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi Ajégúnlẹ̀ ṣe ilé. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ùròbò, Ìjọ̀ àti Ìlàjẹ jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà, wọ́n sì ń rí ohun tó wà nínú ìkòkò ara wọn.

Ìkòkò kan, orúkọ púpọ̀

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni a ń rẹ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ti rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a ó kó èèrí rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, a ó sì jẹ́ kí ògì tòrò. Omikan tó wà lókè kì í ṣe ohun ìdànù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń fi rẹ àgbo. Ẹni tó fẹ́ mu ún ní gbígbóná yóò fi omi tútù díẹ̀ pò ó, yóò da omi tó ń hó yaya lé e, yóò sì máa ro ó títí yóò fi dì. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀kọ tútù yóò sè é kó pẹ́ lórí iná, yóò sì pọ́n ọn sínú ewé eéran. Àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ló máa ń bá a rìn.

Akamu ni àwọn Ìgbò ń pè é. Àwọn ará Enugu fẹ́ràn láti fi okpa mu ún. Àwọn Haúsá ní koko, tí wọ́n sábà máa ń fi jéró ṣe, tí atalẹ̀ àti kànáfùrù máa ń ta sánsán nínú rẹ̀, kosai sì ni àkàrà tiwọn. Wọ́n tún ní kunun gyada, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀pà àti ìrẹsì sè.

Ti inú páálí náà wà. Ọ́ọ̀tì dára, nítorí wọn kì í sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti ń wá, owó dọ́là ló sì ń tẹ̀ lé. Kọ́sítáàdì ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tó funfun báláú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ àti òórùn dídùn.

Ibi tí ewu wà

Ẹ kíyè sí i: ẹ̀wà, okpa, ẹ̀pà. Kò sí ẹ̀yà kan nínú wọn tó fi ẹ̀kọ sílẹ̀ kó dá wà. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú purotéènì, èròjà tí ń mú ara dàgbà, máa ń bá èèrí lọ. Àgbàlagbà á rí i padà nínú àkàrà. Ọmọ ọwọ́ tí a ń fún ní ẹ̀kọ ṣíṣàn àti ṣúgà nìkan kò ní ibi tí yóò ti rí i.

Ní 1935, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n sì ń fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, ara wọn ń bó, irun wọn yí àwọ̀ padà. Kwashiorkor ni àwọn Gã ń pè é: àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti dé.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6, kí a tó fi oúnjẹ kún un, kí ọmú sì máa bá a lọ di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àsìkò ẹ̀kọ bá tó:

Ẹ fi ẹ̀wà sóyà kún àgbàdo kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti ṣe irú ògì bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àgbàdo 7 sí ẹ̀wà sóyà 3 dára. Ẹ kọ́kọ́ se ẹ̀wà náà, kí ẹ sì bó èèpo rẹ̀.

Bí kò bá sí sóyà, ẹ fi ẹ̀pà yíyan tí ẹ lọ̀ kúnná tàbí edé lílọ̀ sí i, kí ẹ sì kán epo pupa díẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà odindi, kó má baà há a lọ́fun. Ẹ má sì fi oyin sí i kí ọmọ tó pé ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí ó ki. Ẹ̀kọ tí kò lè dúró lórí ṣíbí, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ikùn ọmọ sì kéré. Ṣíbí àti abọ́ ni kí ẹ fi fún un, kì í ṣe ìgò.

Ẹ̀pà ife kan kò wọ́n bíi páálí òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjà tí a kò ti lè rí i. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń po ẹ̀kọ fún ọmọ yín, ẹ bi ara yín léèrè pé: àkàrà tirẹ̀ dà?