Ẹ̀tọ́ sí Oúnjẹ: Ohun tí Òfin Sọ àti Ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Lè Gbọ́

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí fi ipò oúnjẹ hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé nìyẹn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àánú. Ẹni tí a ṣàánú fún yóò dúpẹ́. Ẹni tí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù yóò pe ẹjọ́. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 ka oúnjẹ mọ́ ẹ̀tọ́, àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà sì tẹnu mọ́ ọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 1993. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìjọba máa gbé àwo oúnjẹ kiri ojúlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojúṣe ìjọba ni kí ó má ba ọ̀nà àtijẹ ènìyàn jẹ́, kí ó má jẹ́ kí ẹlòmíràn bà á jẹ́, kí ó sì ran ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ilé wa ńkọ́? Abala 16 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí ìjọba rí i pé oúnjẹ tí ó tó tí ó sì yẹ wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Orí Kejì ni gbólóhùn yìí wà. Bí a bá wá ṣí abala 6, a ó rí i pé ilé-ẹjọ́ kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì, àfi bí Ìwé Òfin náà bá sọ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún kọ sílẹ̀ ni ọwọ́ òsì fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Àtúnṣe 2023 fi abala 16A kún un, ó sì dárúkọ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ní tààrà. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n Orí Kejì náà ni wọ́n tún fi í sí.

Síbẹ̀, a ti gbé Nàìjíríà lọ sí ẹjọ́ lórí oúnjẹ rí. Ní 1996, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn nítorí ilẹ̀ Ògóni. Epo rọ̀bì ti ba omi àti ilẹ̀ wọn jẹ́. Wọ́n sì fi kún un pé àwọn agbófinró ba oko àti ẹran ọ̀sìn jẹ́. Àdéhùn Áfíríkà tí wọ́n fi pe ẹjọ́ kò dárúkọ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ. Ìgbìmọ̀ náà dájọ́ ní 2001 pé ó fara sin sínú ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè, ìlera àti ìdàgbàsókè, wọ́n sì dá ìjọba lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá tí yóò mú ìdájọ́ ṣẹ. Ní 2011, àjọ UNEP sọ pé àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Ìwé Òfin ilẹ̀ Íńdíà náà ní irú orí tí ilé-ẹjọ́ kò lè fipá mú ṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2001 kan náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn pàṣẹ pé kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ máa fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní oúnjẹ ọ̀sán tí a sè. Ní tiwa, ètò ni oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2016. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní oṣù kìn-ín-ní 2024 pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn, kò sí abala kan nínú Orí Kẹrin, níbi tí ẹ̀tọ́ tí a lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́ wà, tí ó dárúkọ oúnjẹ fún òbí láti dì mú. Olùkọ́ ni ó kù níwájú ọmọ tí ó ń tòògbé ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀.