Gbèsè Mọ́tò Àtijọ́ àti Lẹ́tà Agbowó ní Ìlú Ọba

Ènìyàn ra mọ́tò láwìn ní London. Ó ń san owó oṣooṣù bọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí owó san mọ́, ilé iṣẹ́ tó yá a lówó sì wá gbé mọ́tò lọ. Ó kó kúrò nílé yẹn, ọdún ń gorí ọdún, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: ó jẹ £3,800, kó tètè pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá nílùú Ọba ló mọ irú lẹ́tà yìí. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán ló sábà máa ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹni tí wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe tún jẹ gbèsè. Wọ́n máa ń ta irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Tí gbèsè tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ £7,000, tí wọ́n sì ta mọ́tò ní £3,200, £3,800 tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́rùn ẹni tó rà á láwìn. Ilé iṣẹ́ náà lè máa sin gbèsè yìí fúnra rẹ̀. Ó sì lè tà á fún ilé iṣẹ́ mìíràn ní owó tó kéré gan-an sí iye tó wà lórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tó wà lórí lẹ́tà fi ṣàjèjì.

Ìbẹ̀rù tó ń mú àwọn ènìyàn wa tí irú lẹ́tà yìí bá dé kò ṣẹ̀yìn ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ológò sí onígbèsè. Ológò á wọlé, á dógò ti onílé, á máa mú adìẹ àti ẹran ọ̀sìn ilé pa jẹ, kò sì ní kúrò títí owó á fi jáde. Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn aláṣẹ ìlú ló fún ológò lágbára. Agbowó gbèsè Ìlú Ọba kò ní irú agbára yẹn. Kò lè wọlé yín, kò lè mú tẹlifíṣàn yín, tí ẹ bá sì ní kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, dandan ni kó kúrò. Lẹ́tà àti fóònù ni gbogbo ohun tó ní. Bélíìfù ló ní àṣẹ, kóòtù ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dájọ́ kí bélíìfù tó lè dé ọ̀dọ̀ yín lórí irú gbèsè yìí.

Torí náà, ẹ má tíì pè wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́. Ní England àti Wales, òfin tí wọ́n ń pè ní Limitation Act, ti 1980, fún ẹni tí ẹ jẹ ní ọdún mẹ́fà láti gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Tí ọdún mẹ́fà bá pé tí kò gbé e lọ, tí ẹ kò san kọ́bọ̀ láàárín rẹ̀, tí ẹ kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ jẹ gbèsè náà, àkókò ti kọjá lórí rẹ̀. Gbèsè náà ṣì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi kóòtù gbà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ní Scotland, ọdún márùn-ún ni, gbèsè náà fúnra rẹ̀ ló sì ń kú níbẹ̀.

Ibi tí ọdún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń da àwọn ènìyàn rú. Ọ̀pọ̀ ń kà á láti oṣù àkọ́kọ́ tí wọn kò sanwó. Ẹ má kà á bẹ́ẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó tó lè béèrè gbogbo owó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní default notice, kó sì fún yín ní ó kéré tán ọjọ́ 14. Ní 2019, Court of Appeal dájọ́ lórí gbèsè káàdì kan pé ìgbà tí àkókò inú lẹ́tà yẹn bá parí ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè mọ́tò, ẹ jẹ́ kó ka tirẹ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà fi oṣù díẹ̀ ṣi ọjọ́ kà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwà ọmọlúàbí gan-an ló ń kó àwọn kan sí wàhálà. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní onígbèsè á gbé fóònù. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló máa dá a lóhùn: kó ṣáà fi £10 sílẹ̀ lónìí, kí àwọn lè mọ̀ pé ó ní ọkàn rere. Tí £10 yẹn bá wọlé nígbà tí ó ku oṣù kan kí ọdún mẹ́fà pé, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ọdún mẹ́fà mìíràn gbáko. Lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ jẹ ẹ́, tí ẹ sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò, lè ṣe ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lórí fóònù kò lè tún kíkà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ owó tí ẹ fi káàdì san lórí fóònù yẹn lè tún un bẹ̀rẹ̀. Tí ọdún mẹ́fà bá ti pé kí ẹ tó san nǹkan, ìyẹn kò lè jí i dìde. Ṣùgbọ́n ta ni ọjọ́ dá lójú nígbà tí fóònù ń dún?

Mi ò sọ pé kí ènìyàn sá fún gbèsè tó jẹ. Èyí tó ṣì wà láàárín àkókò, tó sì jẹ́ tiyín lóòótọ́, sísan ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin fún ní ọdún mẹ́fà tó sì jókòó, kò yẹ kó wá fi ìtìjú yín ra àkókò mìíràn.

Ẹ kọ lẹ́tà dípò ìpè. Ẹ sọ pé ẹ kò gbà pé ẹ jẹ gbèsè náà, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọ́n gba owó kẹ́yìn. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ tó kàn yín fún yín. Òfin ní kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín oṣù kan. Ẹ sì yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion. Gbèsè tí ẹ kò san máa ń kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àmọ́ kíkà tibẹ̀ yàtọ̀ sí ti kóòtù, torí náà ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Tí ọjọ́ bá ti kọjá lóòótọ́, ẹ kọ ọ́ sí wọn pé ẹ kò ní san torí pé àkókò òfin ti kọjá. Ìlànà FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ owó, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ sin yín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tí wọn kò bá jáwọ́, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà Financial Ombudsman Service. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ tún rántí bí wọ́n ṣe gba mọ́tò. Nínú irú àdéhùn ríra láwìn tí wọ́n ń pè ní hire purchase, tí ẹ bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tó wà nínú ìwé, Consumer Credit Act ti 1974 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò láìgba àṣẹ kóòtù, àyàfi tí ẹ bá fúnra yín gbà kí wọ́n gbé e, tàbí tí ẹ ti fọwọ́ ara yín fòpin sí àdéhùn náà. Tí wọ́n bá gbé e láìtọ́, gbèsè náà parí, ẹ sì lè gba gbogbo ohun tí ẹ ti san padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí rárá.

Lẹ́tà kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jù síbì kan: lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀ kóòtù. Letter of Claim, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ kí wọ́n tó lọ kóòtù, fún yín ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Tí fọ́ọ̀mù kóòtù gan-an bá dé, ọjọ́ 14 ni ẹ ní, tí ẹ bá sì jẹ́ kí kóòtù mọ̀ pé ẹ ti rí i, ó di 28. Bí ọdún mẹ́fà tilẹ̀ ti kọjá, adájọ́ kò ní bá yín sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àwíjàre yín. Tí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á dájọ́ láìrí yín, ìyẹn County Court Judgment (CCJ), ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà tí ẹ ń gbára lé kò sì ní gbà yín mọ́. Ẹni tó ti kó kúrò ní Peckham lọ sí Dagenham lè ní CCJ láìmọ̀, torí pé àdírẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Fọ́ọ̀mù N244 ni wọ́n fi ń bẹ kóòtù kó pa irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́, ẹ má sì fi falẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ nípa rẹ̀.

Fún ẹni tí gbèsè rẹ̀ ṣì wà láàárín àkókò, ètò Breathing Space tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ní England àti Wales lè dá ọ̀pọ̀ lára àwọn agbowó dúró fún ọjọ́ 60, kó fi ráyè ronú. Olùdámọ̀ràn gbèsè ló ń báni béèrè fún un, StepChange àti National Debtline sì ń gbani nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀.