Agboolé Kan ní Maiduguri

Ẹ̀yin ará Bẹyẹrunkà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn, bí rédíò bá ti dárúkọ Boko Haram, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó gbé ìbọn dání nínú igbó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká gbé igbó tì ná. Agboolé ni kẹ́ ẹ fojú inú wò, agboolé tó ní mógàjí, tó ní oko, tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí iná. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oníwàásù kan, Mohammed Yusuf, ló kó àwọn ọmọlẹ́yìn jọ ní Maiduguri ní nǹkan bí ọdún 2002. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló fún un nílẹ̀ tó fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ọmọkùnrin tí ò níṣẹ́ tó bá yà síbẹ̀, á rí oúnjẹ jẹ, á rí oko ro, á rí owó táṣẹ́rẹ́ tó lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Bó bá tó ìyàwó í fẹ́, wọ́n á bá a wá a. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mógàjí tiwa ń ṣe fún ọmọ agboolé tó ju ìyẹn lọ? Ẹni tí ìjọba ò bi léèrè rí, tí ẹnì kan wá ń bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?", ẹ mọ ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n òfin ilé náà le. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ á lọ síléèwé láàárọ̀, á tún gbé wàláà lọ sílé kéú lálẹ́. Ilé ìmàle àti ilé onígbàgbọ́ fẹ̀yìn ti ògiri kan náà, ìrẹsì iléyá àti ti Kérésì sì ń kọjá láàárín wọn. Yusuf ní èèwọ̀ ni ẹ̀kọ́ òyìnbó, èèwọ̀ ni iṣẹ́ ìjọba. Ó sọ fún BBC ní 2009 pé òun ò gbà pé ayé rí roboto, òun ò sì gbà pé omi tí oòrùn fà lọ sókè ló ń padà wá di òjò.

Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ ó rántí, ni wọ́n ní dandan ni kí ọlọ́kadà dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àwa kùn, a sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní Maiduguri, àwọn ọmọ Yusuf ń gbé òkú lọ sin ní oṣù kẹfà, wọn ò dé e. Àwọn agbófinró dá wọn dúró, ọ̀rọ̀ di fàá-ká-já-a, ìbọn dún, ènìyàn 17 fara gbọta. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ogun ti bẹ́ ní Bauchi, Borno, Yobe àti Kano, àwọn tó kú sì lé ní 700. Sójà mú Yusuf láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní July 30, òkú rẹ̀ ni wọ́n fi hàn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ pàápàá kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mógàjí lè kú, agboolé ò ní tìtorí ẹ̀ pa rẹ́; wọ́n á fi ẹlòmíràn jẹ. Abubakar Shekau ni wọ́n fi jẹ, ìbínú ló sì bá wọlé. Ní September 2010, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 700 sílẹ̀. Ní August 2011, bọ́ǹbù wọn dún ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé l'Abuja. Ní April 14, 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 níléèwé ní Chibok.

Àwọn àgbà tó wà ní Mápó á sọ pé àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà náà já ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969. Òótọ́ ni. Àmọ́ owó orí ló ń bí Àgbẹ́kọ̀yà nínú, nígbà tí wọ́n sì dín in kù sí pọ́n-ùn 2, wọ́n padà sóko. Ohun kan wà tí ìjọba lè bù fún wọn. Ohun tí Shekau ń bèèrè ni kí onílé kúrò nílé kí òun wọlé. Ní August 2014, ó kéde ìjọba tirẹ̀ ní Gwoza.

Ìjà oyè wá dé, irú èyí tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀ dunjú. Shekau ti forí balẹ̀ fún ẹgbẹ́ ISIS ti ilẹ̀ Lárúbáwá ní March 2015. Lọ́dún kejì, ISIS ní Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Yusuf tó kú, ni kó di olórí. Shekau kọ̀. Agboolé pín sí méjì. Àwọn ti ọmọ, tí wọ́n ń pè ní ISWAP, ní Shekau ń pa mùsùlùmí bí ẹni pa adìyẹ. Àwọn wá ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti àgbẹ̀ ní etí Adágún Chad. Ní May 2021, wọ́n ká Shekau mọ́ igbó Sambisa, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀.

Ibi tí àfiwé mi ti ṣẹ́ nìyí o. Bí mógàjí bá sú ọ ní Bẹẹrẹ, wàá kó ẹrù rẹ lọ kọ́lé sí Ológunẹrù, wàá sì máa padà wá jẹ ìnáwó. Lọ́dọ̀ Boko Haram, ẹni tó bá sá ti di òkú bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́.

Àjọ UNDP ṣírò pé títí di òpin 2020, àwọn tí ogun yìí pa ní àríwá ìlà-oòrùn sún mọ́ 350,000, ebi àti àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù 2. Nínú wọn ni àwọn tó ń gbin ẹ̀wà tí à ń fi ṣe gbẹ̀gìrì, àtàwọn tó ń yan ẹja Baga tó ń wá sí ìhà gúúsù. Ní November 2020, àgbẹ̀ ìrẹsì tó lé ní 40 ni wọ́n pa nínú oko ní Zabarmari.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà jìn, kó rántí Ọ̀wọ̀. Ní June 5, 2022, wọ́n pa ó kéré tán ènìyàn 40 ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. ISWAP ni ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Àmọ́ ní August 2025 tí wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sílé ẹjọ́ l'Abuja, ohun tí wọ́n ka sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ al-Shabaab ni wọ́n, àti pé Kogi ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi. Lóṣù yẹn kan náà, ìjọba kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí Ansaru, ẹ̀ka tó ya kúrò lára Boko Haram ní 2012, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lúgọ sí igbó Kainji, ní ìhà Kwara tó bá ìpínlẹ̀ wa pààlà. Ní September, adájọ́ rán ọ̀kan nínú wọn lẹ́wọ̀n ọdún 15. Wíwa kùsà láìgbàṣẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rán an lọ. Ẹjọ́ ti ìpániláyà ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà.