Ọ̀dà yẹ́lò fún inú ilé: Kí ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á?

Ní Adjamé, àdúgbò ọlọ́jà ní Abidjan, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé nínú agbo ilé tí yàrá yí àgbàlá kan ṣoṣo ká. Àwọn oníṣòwò Yorùbá níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn tan mọ́ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ṣàjèjì sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní pupa díẹ̀ nínú fi yẹ ibẹ̀: yàrá á tàn, kò sì ní rí bí ilé ìwòsàn.

Yẹ́lò wo gan-an? Ẹni tó bá gbé gààrí elépo àti ògì àgbàdo pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí ìyàtọ̀ náà kíá. Ti ògì ló yẹ yàrá kékeré.

Pálí àpẹẹrẹ tó wà ní ìsọ̀ ọlọ́dà máa ń tanni jẹ. Àwọ̀ tó mọ níwọ̀n lórí pálí yóò ki sí i tó bá bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ògiri kan ń tan àwọ̀ rẹ̀ sí èkejì. Ẹ mú èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tó wù yín lọ. Ẹ fi kun pátákó kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e ti ògiri, kí ẹ sì wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Iná tó funfun gbòò lè mú kí yẹ́lò jọ àwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí ló ṣe pàtàkì jù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń fi lead chromate, kẹ́míkà tó ní òjé nínú, mú kí yẹ́lò tàn yòò, pàápàá nínú ọ̀dà elépo tó ń dán. Ní 2013, UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìwádìí jáde lórí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Côte d'Ivoire àti Ghana wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò ní yege lábẹ́ òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà. Ìmọ̀ràn àjọ náà ni pé kí òjé má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Bí ọ̀dà bá gbó, á ṣí, á sì di eruku. Ọmọ tó ń rákòrò á fọwọ́ kàn án, á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Òjé láti ibi ìwakùsà góòlù ló pa ó kéré tán 400 ọmọdé ní Zamfara ní 2010. Ti ọ̀dà kì í yára bẹ́ẹ̀, èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí òbí tètè fura.

Yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ kò nílò òjé rárá. Àwọ̀ tí wọ́n ń rí láti ara ìpẹtà irin, tó jọ ti amọ̀, ti tó láti pò mọ́ funfun. Síbẹ̀, wíwò lásán kò lè fi òjé hàn. Ẹ wo ara garawa bóyá wọ́n kọ "sans plomb" sí i, kí ẹ sì ra ọ̀dà olómi fún ògiri. Kí ẹni tó fẹ́ tún ilé àtijọ́ kùn má fi sáńpépà ha ọ̀dà ní gbígbẹ: kó kọ́kọ́ fi omi rin ín, kó kó ọmọdé àti aboyún kúrò níbẹ̀, kó sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbá a.