Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ni Jésù nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni?

Nínú gbọ̀ngàn ìjọsìn Faith Tabernacle ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999, bí ó ti rí ní àwọn ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì, ìgbàgbọ́ ni pé Jésù jẹ́ Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́. Ní ìpàdé Nísíà ní ọdún 325 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti kọ̀ láti gba ẹ̀kọ́ àlùfáà Arius, ẹni tí ó ní Ọlọ́run ni ó dá Ọmọ, ìyẹn Jésù. Ìgbàgbọ́ pé Jésù jẹ́ Ọlọ́run wà lára ẹ̀kọ́ “Mẹ́talọ́kan”, èyíinì ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́; kò túmọ̀ sí ọlọ́run mẹ́ta rárá, nítorí “ọ̀kan” tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ró. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Lójú tiwọn, Jésù ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run dá, òun náà sì ni Máíkẹ́lì olú-áńgẹ́lì.