Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí A Fi Ṣọ́ Ilélàbọ̀

Orúkọ tí mo sọ ajá mi kò bá ìwà rẹ̀ mu rárá. Ilélàbọ̀ ni mo pè é, nítorí mo fẹ́ ajá tí yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí bí mo bá tòde dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fún lórúkọ yìí kì í gbélé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ìpàpó níbí, tí àwọn àgbẹ̀ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, Ilélàbọ̀ yóò sìn wọ́n dé ìpẹ̀kun àdúgbò, yóò sì yà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà nígbà tó bá ń bọ̀. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá, yóò gbé bàtà ẹnì kan sá, yóò dúró lókèèrè, yóò máa ju ìrù. Ó di ìgbà tí lílé bá sú wọn kó tó dá bàtà náà padà fúnra rẹ̀.

Ajá ìbílẹ̀ ni, ara rẹ̀ pupa, àyà rẹ̀ funfun. Òkìkí rẹ̀ ti bo tèmi mọ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà, síbẹ̀ “Màmá Ilélàbọ̀” ni wọ́n ń pè mí lọ́jà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni eré rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Bàbá kan wà tí ilé wọn kọjú sí tèmi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá, Ilélàbọ̀ rò pé eré ni omi tí wọ́n ń bù sẹ́sẹ̀, ó sì lá wọn lọ́wọ́. Bàbá ní láti tún àlùwàlá ṣe. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní, “Tíṣà, èmi ò bá ajá jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ ìpè ìrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un so.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so ó lákòókò ìrun. Mo rò pé gbogbo ẹ̀tọ́ aládùúgbò tó wà lọ́rùn mi nìyẹn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ ìyá alákàrà, ọmọ ọdún méje, ń bá Ilélàbọ̀ fa àkísà kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ajá yí ẹnu padà láti gbá àkísà náà mú dáadáa, eyín rẹ̀ sì wọ ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ̀rín ni ọmọ náà ṣì ń rín títí ó fi rí ẹ̀jẹ̀. Ìyá rẹ̀ sáré dé, ó wò mí lójú.

“Màmá Ilélàbọ̀, ṣé ajá yín ti gba abẹ́rẹ́?”

Mo sáré wọlé mú káàdì rẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ajá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó gba òmíràn ti kọjá ju ọdún kan lọ. Mo ti ní n ó ṣe é bí a bá wa iṣu tán; nígbà tí a wa iṣu tán, mo ní ó di lẹ́yìn ọdún.

Àwọn àgbà ní bí ajá bá sínwín, yóò mọ ojú iná. Ṣùgbọ́n ajá digbòlugi kì í mọ ojú ẹni tó ni ín. Bí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, àti pé nínú ènìyàn 10 tó ń pa, nǹkan bí 4 ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ajá ló ń fún ènìyàn lárùn náà ní ìgbà 99 nínú 100. Èyí tó tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni pé itọ́ ajá lè ti ní àrùn náà nínú ní ọjọ́ díẹ̀ kí àmì kankan tó hàn, nígbà tí ajá ṣì ń ṣeré.

Ẹnì kan ní kí a fi epo pupa sójú egbò. Òmíràn ní kí a gé irun ajá náà lé e. Mo kọ̀. Omi àti ọṣẹ ni a fi fọ ọwọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ni a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìsẹ́yìn. Ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ ọjọ́ àwọn tó kù fún wa. Èmi ni mo san owó rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú kùmọ̀. Dókítà ẹranko sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé kí a má pa ajá náà, kí a so ó, kí a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí àrùn bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ, kí ọjọ́ náà tó pé yóò ti hàn. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Bàbá tí Ilélàbọ̀ ba àlùwàlá wọn jẹ́ ló jáde síta.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé kùmọ̀ yín lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́wàá.”

Àdúgbò wa dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní àràárọ̀, ìyá alákàrà yóò wá, yóò wo ojú ajá, yóò wò ó bóyá ó mu omi, yóò sì padà láì bá mi sọ̀rọ̀. N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà kì í sùn. Bí ajá bá wúkọ́, ọkàn mi á fò.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Ilélàbọ̀ jẹun tán, ó sì ń ju ìrù. Ìyá alákàrà ju àkàrà kan sí i. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Màmá.” Omi bọ́ lójú mi.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo bẹ dókítà ẹranko wá. Ilélàbọ̀ gba abẹ́rẹ́, ajá mọ́kànlá mìíràn ní àdúgbò sì gbà á pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ ní ìlú kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn ká.

Ẹ̀yin tí ajá yín kì í gbélé, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò lónìí. Ajá tó ń ya gbogbo ilé, gbogbo ilé ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà fún. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ digbòlugi lágbàáyé. Ọjọ́ náà ni mo kọ sára ògiri mi báyìí, n kò sì dúró de iṣu mọ́.