Ìbò àti Olè Tí Kì Í Fọwọ́ Kan Àpótí

Nígbàtí a bá gbọ́ wípé wọ́n jí ìbò, àpótí tí wọ́n gbé sá lọ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Olè mìíràn wà tí kì í fọwọ́ kan àpótí rárá. Òkèèrè ni í jókòó sí, tí í wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn tí ń ṣètò ìdìbò, kí ó lè fi ẹnu wọn kéde irọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ukraine ní oṣù karùn-ún ọdún 2014 yóò fi í yé wa. Ìdìbò ààrẹ kù bí ọjọ́ mẹ́rin nígbàtí àwọn kan tí ń pe ara wọn ní CyberBerkut já wọ inú ẹ̀rọ Àjọ Ìdìbò, tí wọ́n sì ba iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ẹ̀dà iṣẹ́ wọn pamọ́ síbòmíràn; láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25, ọjọ́ ìdìbò gan-an, nígbàtí kò tó wákàtí kan mọ́ kí èsì jáde, wọ́n tún rí ohun búburú kan tí a dẹ sínú ẹ̀rọ náà. Bí wọn kò bá rí i ni, ojú-ìwé Àjọ náà fúnra rẹ̀ ni ì bá fi Dmytro Yarosh hàn bí ẹni tí ó wọlé, pẹ̀lú ìbò 37 nínú 100. Iye tí ọkùnrin náà ní ní tòótọ́ kò pé 1 nínú 100. Petro Poroshenko ni ó wọlé. Síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Channel One ti Rọ́ṣíà kéde èsì èké náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tí a ti fi ìròyìn rán kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyèsí i: irọ́ náà kò lè yí ẹni tí ó wọlé padà, nítorí tí orí ìwé ni wọ́n ti dìbò, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kà á. Ọkàn ènìyàn ni ewu rẹ̀ wà fún. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ kan ní alẹ́, tí ó sì gbọ́ òmíràn ní òwúrọ̀, yóò ha gba èyíkéyìí gbọ́ bí? Ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ní àkókò yẹn.

Ní Nàìjíríà tiwa, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, kò sí olè kankan tí a rí mú, síbẹ̀ irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ dé. Àwòrán èsì ìbò ààrẹ kò gòkè ní alẹ́ ọjọ́ náà sí IReV, níbi tí Àjọ INEC ti ṣèlérí wípé gbogbo ayé yóò ti rí i. Àjọ náà ní ẹ̀rọ ni ó kọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Ṣùgbọ́n òfin tí a fi ṣe ìdìbò náà ti pàṣẹ wípé kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ìwé èsì EC8A ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí a sì fún wọn ní ẹ̀dà. Aṣojú tí ó bá dúró títí a fi ka ìbò tán, tí ó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀, ní ohun tí ó lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kí a fi wé ara wọn.